Àpò Apá Òsì

Òórùn káfúrà ni yàrá kan ṣoṣo tí a gbà ní Lotto, ní Mowe, máa ń run, nítorí àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá mi. Télọ̀ ni màmá mi. Láti Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti wá, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wọn sí fàráńdà, níbi tí ariwo ọkọ̀ ti ń wá láti títì márosẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Ìbejì ni mí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni wá nígbà tí ibà gbé èkejì mi lọ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nílé wa. A máa ń ní ó rìnrìn àjò. Aṣọ yòówù tí màmá mi bá sì rán fún mi, méjì ni wọ́n ń rán, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ìbejì tó ṣẹ́kù. Èmi á wọ ọ̀kan, ìkejì á wọnú àpótí.

Bí mo ṣe ń dàgbà ni aṣọ inú àpótí ń dàgbà. Tí màmá mi bá fi tépù wọn àyà mi, ojú wọn á rẹ̀ wẹ̀sì, n kò sì mọ̀ bóyá èmi ni wọ́n ń wò. Kí n má purọ́, mo ń jowú òkú.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún 1990 wọlé, olùkọ́ bàọ́lọ́jì wa, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ wá láti Ibafo, mú ìkarahun kan wá sí kíláàsì. Etí òkun l'Ékòó ni wọ́n ti ṣà á. Nǹkan funfun kan lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, ó rí wínníwínní bíi léèsì. Olùkọ́ náà ní ilé àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó so mọ́ ara wọn ni, pé nínú àwọn kan lára wọn, ẹyin kan ṣoṣo ni yóò di ọlẹ̀, ọlẹ̀ náà á pín, á tún pín, títí á fi di ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Ohun tó ń ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu ni pé ìyá ń ṣe àdàkọ ọmọ tí kò tíì mọ̀ bóyá yóò yè.

“Bíi ti àwọn ìbejì tó jọra náà ni,” ni wọ́n wí, wọ́n sì wojú mi.

O mọ̀ bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ nǹkan ṣe máa ń rò pé òun ti gbọ́n ju ìyá òun lọ. Mo sáré délé. Màmá mi ń gé aṣọ lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ro gbogbo ẹ̀ fún wọn, mo wá ní, “Màmá, ẹyin kan náà ni wá. Ohun tó wà lára ẹ̀ ló wà lára mi. Ẹ ò pàdánù nǹkan kan. Ẹ má rán méjì mọ́.”

Àlùmọ́gàjí dúró lọ́wọ́ wọn. Ì bá sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n tẹ́ aṣọ méjì tí wọ́n ti gé sílẹ̀ síwájú mi.

“Pátánì kan náà ni mo fi gé méjèèjì. Tí áyọ́ọ̀nù bá jó ọ̀kan, ṣé màá ní aṣọ ò jóná torí pé ìkejì wà níbẹ̀?”

Mo fọwọ́ kan èyí tó sún mọ́ mi.

“Ọmọ méjì ni mo bí,” ni wọ́n wí. “Ọ̀kan kú.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn. Wọ́n ní kí n lọ fa àpótí jáde. Mo tú aṣọ inú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti èyí tó kéré jù dé ti ọdún tó kọjá. Mo rò pé mo mọ gbogbo wọn, ìgbà tó jẹ́ pé mo ti wọ irú wọn. Àfi ìgbà tí mo rí àpò. Apá ọ̀tún ni àpò aṣọ tèmi máa ń wà. Apá òsì ni ti gbogbo aṣọ inú àpótí wà.

“Ọwọ́ òsì ló máa ń lò,” ni màmá mi wí. “Màmá bàbá yín máa ń gbá a lọ́wọ́ tó bá fi jẹun. Èmi ò gbá a rí.”

Mo jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn aṣọ náà, mo sunkún ọmọ tí mo ti fi ọdún méjìlá pè ní ojú ara mi nínú dígí.

Èmi náà ti di olùkọ́ báyìí, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ bí ìwé ṣe wí, pé kò sí ìyàtọ̀. Màmá mi ti lọ bá èkejì mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn títí wọ́n fi kú, tí wọ́n bá ti wọn mí tán, n kò kúrò níwájú wọn. Mo máa ń dúró díẹ̀ sí i, kí wọ́n lè wọn òun náà.