Oníbàárà Mi Àkọ́kọ́

Bí mo bá ti gbọ́ sílípáàsì tó ń wọ́ nílẹ̀ ṣàà-ṣàà, ìyá onílé mi ní Igbona ni mo máa ń rántí. Láti Ìmẹ̀sí-Ilé ni mo ti wá gba yàrá lọ́dọ̀ wọn, n kì í sì í pẹ́ nídìí iṣẹ́ kan. Nígbà tí mo ń ránṣọ, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé bùbá wá. Mo di onídìrí, wọ́n tú gèlè, wọ́n jókòó. Mo ta oògùn eku, wọ́n ra méjì, bẹ́ẹ̀ ológbò mẹ́ta ni wọ́n ń sìn.

Wọ́n á ní, "Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, bí ará ilé ò bá kọ́kọ́ ra ọjà ẹni, ta ni yóò rà á?"

Lọ́jọ́ tí mo sọ fún wọn pé ìwé ni mo fẹ́ máa kọ, wọ́n wọ́ sílípáàsì wọn wọlé lọ. Mo ní wọn ò ní lè ra tèyí, torí wọn ò mọ̀wé kà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, sílípáàsì wọ́ dé ẹnu ọ̀nà mi. Wọ́n gbé àpótí kalẹ̀, wọ́n tún ìborùn wọn ṣe, wọ́n jókòó.

"Bìsímílà. Kọ̀wé nípa mi. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ fi orúkọ mi sí i."

Ẹ̀yin náà ṣáà ti rí i pé n ò fi sí i.