Ẹ Kú Ilé

Ẹsẹ̀-Ò-Gbélé ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá yìí nígbà tó ń ta ìwé ìròyìn. Kì í jókòó síbì kan tà á. Ojúlé dé ojúlé ló ń gbé e kiri, láti ìgbà èwe títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Àwọn ajá ilé onílé pàápàá mọ̀ ọ́n, wọn kì í gbó mọ́ ọn.

Ṣé ẹ wá rí ibi tí Ẹsẹ̀-Ò-Gbélé wà báyìí? Orí àga onítìmùtìmù ni, nínú pálọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tòun ti ìrọ̀rí lẹ́yìn.

Ó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ ni. Ọwọ́ kan ló wú díẹ̀, àmọ́ ọmọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ báńkì, sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Ó kó ẹrù ìyá rẹ̀ wá sílé ara rẹ̀, ó ra àgádágodo tuntun sí géètì, ó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìgbànú. Inú ilé ni ìyá ti ṣubú o, ìta ni wọ́n wá kà léèwọ̀ fún un!

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ tún wá dá kún un, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé ju bó ṣe yẹ lọ. Bí Màmá bá mú ìgbálẹ̀ pẹ́nrẹ́n, á ti kúnlẹ̀: "Ẹ jẹ́ n bá yín gbá a, Màmá. Ẹ sinmi." Bó bá gbé abọ́ kan ṣoṣo: "Ẹ má ṣèyọnu, Màmá. Ẹ sinmi." Báwo lèèyàn ṣe ń bá ẹni tó kúnlẹ̀ jà?

Ohun tó ń dùn ún jù ni ìkíni. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ, ìyàwó, ọmọ-ọmọ: "Ẹ kú ilé o, Màmá!" Òun á máa dáhùn: "Káàbọ̀. Káàbọ̀." Láti ìgbà tó ti débẹ̀, kò sẹ́ni tó kí òun náà káàbọ̀ rí. Níbo ló ti ń bọ̀? Yàrá?

Láti ojú fèrèsé rẹ̀ ló ti ń rí òkè olókùúta tó wà lẹ́yìn ìlú. Gbogbo àárọ̀ tó fi ń gbé ìwé ìròyìn kiri ló ń wò ó, tó ń sọ pé òun á gùn ún bí àyè bá yọ. Àyè ti yọ báyìí, ó tiẹ̀ ti pọ̀ jù. Orúnkún ló ń gan sí i lójoojúmọ́ lórí àga. Ó mọ̀ pé bí òun ò bá tètè lọ, òun ò ní lè lọ mọ́, ẹ̀rù ìyẹn sì ń bà á gan-an.

Lọ́jọ́ kan, ọlọ́kọ̀ omi wá da omi sí táńkì. Ìyàwó ilé wà lẹ́yìnkùlé, ó di rọ́bà omi mú, géètì sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Màmá ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Sálúbàtà ilé ló wọ̀ jáde.

Ó gun òkè náà. Ẹ má retí kí n sọ pé ó dé orí rẹ̀ o, kò débẹ̀. Ìdajì ọ̀nà ni orúnkún ti ní ó tó, ló bá jókòó sórí òkúta, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó wo ìsàlẹ̀, ó wá òrùlé ọmọ rẹ̀ títí, kò dá a mọ̀ láàárín àwọn yòókù. Ẹ̀rín pa á. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ilẹ̀ ti ń ṣú kó tó padà. Ẹnu géètì ló ti sọ ọ́, pẹ̀lú gbogbo ohùn tó fi ń polówó láyé ọjọ́sí: "Ẹ kú ilé o!"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń sunkún. Ọmọ rẹ̀ fò dìde, ojú rẹ̀ pọ́n kankan.

"Màmá, níbo lẹ lọ? Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Mo ti wá yín dé ọsibítù! Bí ẹ bá ṣubú síbì kan ńkọ́, tẹ́ ẹ bá kú síta?"

"Ẹ̀rù ń bà ọ́ kí n má lọ kú síta," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ẹ̀rù ń ba èmi kí n má kú sórí àga yẹn, kẹ́ ẹ máa rò pé mo ń sinmi ni."

Ọmọ mú un jókòó sórí àga. Ó bu omi wá, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀, ó bọ́ sálúbàtà eléruku náà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ jẹ́jẹ́. Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó rò pé ọmọ òun ti gbọ́ òun yé.

Nígbà tí ọmọ nu ẹsẹ̀ náà gbẹ tán, ó kó sálúbàtà náà dání, ó sì jáde lọ fi àgádágodo ti géètì.