Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Tó Dọ̀bálẹ̀

Ìgbà kan wà láyé mi tó jẹ́ pé ẹ̀yìn mi nìkan làwọn èèyàn mọ̀. Fíìmù ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan wà nígbà náà tí à ń ṣe ní Ìkòròdú, láti apá kìn-ín-ní títí dé apá kẹfà, tí tọmọdé tàgbà ń wò. Ọ̀gá wa ló ń ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà. Àmọ́ bó bá ti di pé wọ́n máa fò láti orí òrùlé, tàbí pé wọ́n máa já bọ́ lórí ọ̀kadà, èmi ni wọ́n máa ń gbé kóòtù dúdú wọ̀. Màá kọ ẹ̀yìn sí kámẹ́rà, màá ṣubú. Ọ̀gá á wá lọ jókòó síbi tí mo ṣubú sí, wọ́n á gbọn eruku tí kò sí lára wọn dànù, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, gbogbo ìlú á pàtẹ́wọ́. Tá a bá sọ̀ ní ibùdókọ̀ Benson, àwọn èrò á rọ́ lu ọ̀gá, èmi á máa gbé báàgì tẹ̀ lé wọn. Kò dùn mí. Mo ti fọkàn ara mi balẹ̀ pé bó pẹ́ bó yá, wọ́n á ní kí n kọjú síwájú.

Orúnkún ọ̀gá ló kọ́kọ́ kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ó di pé wọn ò lè gun àtẹ̀gùn láì di nǹkan mú. Obìnrin tó ń darí eré wa, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, pè wá jọ sí ilé tá a ti ń dán eré wò ní Lásunwọ̀n. Wọ́n ní fíìmù náà ò ní kú, ṣùgbọ́n a máa tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìdí: ìtàn tuntun, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tuntun, ọ̀gá á wá ṣe àgbàlagbà tó ń rán an níṣẹ́. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ báyìí, gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo wolẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Kí n tó délé lọ́jọ́ yẹn, mo ti ra awò dúdú ní ibùdókọ̀ Agric, mo sì ti ń fi wo àwọn tó ń ta àgbàdo bíi pé ọ̀daràn ni wọ́n.

Ẹni tí Àǹtí mú kì í ṣe èmi. Ọkùnrin Ìlàjẹ kan ni, láti abúlé apẹja kan lórí ọ̀sà, ẹni tó máa ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé wa nígbà tá a bá ń yàwòrán lápá Ẹ̀pẹ́. Eré Ọdún Àjíǹde ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn nìkan ló ti ṣe rí. Mo fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ. Èyí tó burú jù ni pé ó mọ odò wẹ̀, ó mọ fífò, ó mọ ọkọ̀ wà. Kò nílò ẹnikẹ́ni tó máa bá a ṣubú. Kì í ṣe ipò tí mo ń retí nìkan ló bọ́ lọ́wọ́ mi, oúnjẹ òòjọ́ mi náà ti fẹ́ bọ́.

Àǹtí tún wá ní èmi ni kí n kọ́ ọ ní ìrìn, nítorí pé èmi ni mo mọ ìrìn ọ̀gá jù. Mo kọ́ ọ. Àràárọ̀ ló ń wọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́, tá a bá sì máa fi dé, ó ti gbálẹ̀ yàrá, ó ti to àga. Ohun tí mo bá ṣe lẹ́ẹ̀kan, á ti mú un. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé bó ṣe rí nìyí?" Bó ṣe rí gan-an ni, ìyẹn ló sì ń bí mi nínú. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Èmi ni ikú ilé lọ́tẹ̀ yìí.

Ọ̀gá kì í bá wa wọ ọkọ̀ ojú omi, torí náà wọn ò tíì fojú kàn án. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa pàdé, níwájú kámẹ́rà. Gbogbo wa la sì mọ ọ̀gá lórí ọ̀rọ̀ ìkíni: wọ́n ti lé ẹnì kan kúrò nínú ẹgbẹ́ rí torí pé ó kí wọn tọwọ́ ẹ̀ wà lápò. Mo wá pe ọkùnrin yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kì í tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni," mo sọ fún un. "Tó o bá ti wọ kóòtù, dúró gbọn-in, ọwọ́ kan lápò, fi ìkejì gba ìbọn tí ọ̀gá máa gbé fún ọ nínú eré. Má kí ọ̀gá o. Inú wọn á dùn pé o mọṣẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò tiẹ̀ ní kí wọn rárá?"

"Rárá o."

Ó ní ó ti yé òun.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan nítòsí èbúté Ẹ̀pẹ́ la ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá jókòó sẹ́yìn tábìlì, ìbọn ìléwọ́ wà níwájú wọn. Mo sá pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì kí n lè rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa bẹ́yìn yọ. Kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọkùnrin náà wọlé, ọwọ́ kan lápò, inú mi dùn débi tí mo di ẹnu mú. Ó dé àárín yàrá, ó wo ọ̀gá. Ọwọ́ ẹ̀ jáde lápò. Ó na gbalaja sílẹ̀ tòun ti kóòtù, àyà ẹ̀ kanlẹ̀.

Àǹtí ní ká dúró. "Kí lò ń ṣe? Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wo ló ń dọ̀bálẹ̀?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Ara mi ò gbà á ni. Bàbá tó bí mi ò dàgbà tó wọn."

Wọ́n tún un ṣe, ó tún dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta náà, ilẹ̀ ló bá ara ẹ̀. Àǹtí ti fẹ́ lé e jáde nígbà tí ọ̀gá sọ̀rọ̀.

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Apá mẹ́fà ni mo fi dúró bí òpó iná, ẹnikẹ́ni ò bi mí pé ọmọ ibo ni mí. Wọ́n fẹ́ gbé iṣẹ́ ìlú lé ọmọ Yorùbá lọ́wọ́, kó má dọ̀bálẹ̀ gbà á?" Wọ́n wá na ọrùn wò ó nílẹ̀. "Ìwọ, kí lo rí níbi tó o wà yẹn?"

"Mo rí ẹsẹ̀ ẹnì kan lẹ́yìn kọ́tìnnì, sà."

Ẹsẹ̀ mi ni. Ẹ̀rín pa gbogbo ilé, àfi Àǹtí, tí wọ́n ti ń wá báírò. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n yí ìwé eré padà: ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wa á dọ̀bálẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti máa rí ọ̀tá tó sá pamọ́, èyí tí ẹni tó dúró ò lè rí. Wọ́n bi í pé ta ló fi irú ọgbọ́n yẹn sí i lórí.

"Ẹ̀gbọ́n ni," ó ní, ó sì nawọ́ sí mi. "Ẹ̀gbọ́n ló kọ́ mi ní gbogbo ẹ̀."

Àǹtí ní láti ọjọ́ yẹn lọ, èmi ni màá máa kọ́ gbogbo òṣèré wa ní ìrìn àti ìṣesí. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sẹ́yìn kọ́tìnnì.

Nígbà tá a gbé fíìmù náà jáde, bó ṣe ń dọ̀bálẹ̀ làwọn tó ń wò ó ń pariwo "Ọmọ tó gbẹ̀kọ́!", títí tí wọn ò fi gbọ́ ohun tó sọ tẹ̀ lé e. Òun fúnra ẹ̀ ló fò sínú ọ̀sà nínú eré náà, lẹ́ẹ̀mẹta, láìṣàròyé. Mi ò tíì rí òṣèré bíi tirẹ̀, mo sì ti rí wọn lọ́pọ̀lọpọ̀.

Iṣẹ́ tí mo gbà lọ́jọ́ yẹn náà ni mo ń ṣe di òní. Láìpẹ́ yìí, ó ń fi ọkọ̀ gbé mi lọ kí ìyá ẹ̀ ní abúlé wọn, ọ̀rọ̀ náà wá kún mi lẹ́nu, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó dín eré ọkọ̀ kù.

"Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ tẹ́ ẹ sọ ọ́ ni mo ti mọ̀."

"Kí ló wá dé tó o fi dárúkọ mi?"

"Mo ti gbapò tẹ́ ẹ̀ ń retí. Mi ò sì nílò ẹni tó máa bá mi ṣubú. Kí lẹ fẹ́ máa jẹ?"

Ó tún fi kún eré ọkọ̀, à ń lọ. Èmi tí mo pe ara mi ní olùkọ́ ẹ̀, mo jókòó síbẹ̀, mò ń sunkún, mi ò sì gbìyànjú láti fi pa mọ́ fún un.