Aṣọ Ogun Àwọn Ará Swídìn

Ẹ̀jẹ̀ kì í tètè hàn lára aṣọ búlúù. Ara yẹ́lò ló ti máa ń hàn. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti mọ èyí, lásìkò tí àwọn sójà ń ṣèjọba, tí gbogbo ọmọkùnrin tó bá ga díẹ̀ ń fẹ́ di ọ̀gágun. Fọ́ọ̀mù fọ́ọ̀ ni mo wà. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní fọ́ọ̀mù fáìfù, ó sì ti yege ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ọ̀gágun lókè Ọya. Àyẹ̀wò ara nìkan ló kù. Ìyá wa ò jẹ́ kó gun igi mọ́, wọn ò jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù, kí nǹkan kan má baà ṣe é kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Tíṣà tó ń kọ́ wa ní ìtàn ni olórí ilé Búlúù, ilé tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wà fún eré ìje ọdọọdún. Wọ́n ti gbé Swídìn rí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ-ogun ẹlẹ́sẹ̀ ibẹ̀, ti ọ̀rúndún kejìdínlógún, kì í sì í tán lẹ́nu wọn. Wọ́n ní oko mélòó kan ló máa ń para pọ̀ bọ́ ọmọ-ogun kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ́lé fún un, wọ́n á fún un nílẹ̀ tí yóò máa ro, títí ọba yóò fi ké sí i. Bí ogun bá wá dé, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á tò, wọ́n á máa rìn lọ bá ọ̀tá láìyìnbọn, bí ọta tilẹ̀ ń gbé ẹni iwájú lọ, títí wọn yóò fi rí ẹyinjú ọ̀tá. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa yìnbọn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fa idà yọ. "Kò sẹ́ni tó ń bojú wẹ̀yìn!" Bí tíṣà ṣe máa ń wí nìyẹn, wọ́n á sì gbá tábìlì. Sáà yẹn parí kí ìtàn náà tó parí, àmọ́ ìwọ̀nba tí a gbọ́ ti tó pa wá bí ọtí.

Tíṣà ní irú aṣọ wọn la máa wọ̀ yan níwájú àwọn àlejò lọ́jọ́ eré ìje. Kàkí búlúù la fi rán kóòtù tó balẹ̀ dé orúnkún, pópùlìn yẹ́lò la fi ṣe etí ọwọ́ rẹ̀ àti ṣòkòtò. A ká páálí sí igun mẹ́ta, a fi aṣọ dúdú bò ó, ìyẹn ni fìlà. Ìdérí ìgò la fi òkúta tẹ́ pẹrẹsẹ ṣe bọ́tìnnì idẹ wọn. Káfíńtà kan ní Ayépé gbẹ́ ìbọn igi fún wa. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ tèmi, mo dúró níwájú díńgí títí ìyá mi fi béèrè bóyá díńgí náà ni mo fẹ́ fẹ́.

Ohun tí tíṣà gbàgbé, bí wọ́n ti kàwé tó, ni pé ilé Yẹ́lò wà. Ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, ilé kan kì í fọwọ́ kan àwọ̀ ilé kejì. Kápútẹ́nì ilé Yẹ́lò wá bá ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ ọ̀gá àwa tó máa yan. Ó ní, "Ẹ tiẹ̀ wá fi àwọ̀ wa rán ṣòkòtò. Ìdí lẹ fẹ́ fi jókòó lé wa lórí. Ẹ bọ́ ọ, àbí ká bá yín bọ́ ọ." Ẹ̀gbọ́n mi lọ sọ fún tíṣà. Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Bí wọ́n ṣe wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ṣé ká wá purọ́ mọ́ òkú ni?"

Lọ́jọ́ eré ìje náà, a ò tíì yan dé iwájú àwọn àlejò tí òkúta àkọ́kọ́ fi balẹ̀. Mo rò pé ọmọdé kan ló ń ṣeré. Èkejì gbá ẹni tó wà lápá ọ̀tún mi létí, ó ṣubú, ẹ̀jẹ̀ ń yọ láàárín ìka rẹ̀. Ni ilé Yẹ́lò bá tú jáde láti ẹ̀yìn ṣáláńgá, tàwọn ti bẹ́líìtì, igi àti ìgò fífọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló wà níwájú pátápátá, òun gan-an tí kò gbọdọ̀ fara pa. Ó yẹ kó sá. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó kígbe pé, "Ẹ má tú ká o! Ẹ máa bọ̀!" A sì ń rìn lọ bá òkúta. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo tọ̀ sára, síbẹ̀ ẹsẹ̀ mi ń lọ. Òkúta ń ró lára páálí, ó ń ró lára egungun. Ẹnì kan na bẹ́líìtì bà mí lẹ́nu, eyín iwájú mi kan sì bá a lọ. Mo fi ìbọn igi lu ọmọkùnrin kan lọ́rùn ọwọ́, mo gbọ́ bí egungun náà ṣe dá, inú mi sì dùn.

Mo wá rí kápútẹ́nì ilé Yẹ́lò tó gbé àfọ́kù búlọ́ọ̀kù sókè. Mo pariwo, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká sá!" Ẹ̀gbọ́n mi ò bojú wẹ̀yìn. Ó gbórí sókè, ó ń wo ẹyinjú ẹni náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Búlọ́ọ̀kù náà bà á lójú òsì. Kò pariwo. Ó kúnlẹ̀, ó fi etí ọwọ́ yẹ́lò bo ojú, etí ọwọ́ náà sì pọ́n. Tíṣà ń sáré bọ̀ láti abẹ́ ìbòòji, wọ́n ń kígbe, "Ẹ sá! Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ sá!"

Dókítà yọ ojú náà. Ìyá wa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọsibítù, "Ọma mi o, ọma mi" nìkan ni wọ́n ń wí. Ìyá bàbá wa dé láti Ìjẹ̀bú-Imùṣin, wọ́n wo ẹ̀gbọ́n mi títí. Wọ́n ní, "Akin tó mọ ìjà tí kò mọ̀sá ní í bógun lọ. Ta ló wá kọ́ ẹ ní ìdajì?"

Tíṣà wá lọ́jọ́ kejì. Wọ́n dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa gbé ọwọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè pé, "Sà, àwọn ará Swídìn yẹn, báwo ló ṣe parí fún wọn?" Wọ́n ní ọba kó wọn wọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, pé láàárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n tò bí wọ́n ṣe máa ń tò, wọ́n rìn lọ bá ìbọn àgbá, àgbá sì ṣán wọn lulẹ̀ bí koríko. Wọ́n kó àwọn tó kù nígbèkùn. Àwọn tó padà dé oko wọn ò pọ̀.

"Ẹ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó rán aṣọ fún wa, sà?"

Tíṣà ní, "Mo mọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ò lọ sókè Ọya mọ́. Ó ń ta pákó ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ báyìí, ó fẹ́yàwó, ó bímọ, kò sì sẹ́ni tó lè ta pákó wíwọ́ fún un. Ọjọ́ ti lọ lórí ọ̀rọ̀ náà, mi ò sì gbọ́ kó bú tíṣà rí. Inú ṣì máa ń bí mi nítorí tirẹ̀. Àmọ́ lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọkùnrin rẹ̀ sọ pé iṣẹ́ sójà lòun fẹ́ ṣe. Mo wà níbẹ̀. Mo rò pé yóò fi ìbínú kọ̀. Ó fa àga, ó jókòó tì í, ó ní kó gbọ́ ìtàn àwọn ọmọ-ogun kan. Láti ìparí ló ti bẹ̀rẹ̀.