Aago Inú Ọkọ̀ Bàbá Àgbà

Mo ṣì kéré nígbà náà, n kò tíì jáde ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà dá mi lójú. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, aago méjì ọ̀sán ti lọ díẹ̀. Ohun tí mo fi mọ̀ ni pé bàbá mi àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí dé, kò tíì ṣí fìlà lórí tí ó fi wọnú ọkọ̀ láti yí aago.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá irú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bàbá ní ọkọ̀ àtijọ́ kan ní Èsìẹ́. Wọ́n ní ó fi í kó èrò lọ sí Ìlọrin rí. N kò bá ìgbà yẹn. Abẹ́ igi máńgòrò ni èmi bá a, táyà rẹ̀ ti ń wọlẹ̀. Aago dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ nìkan ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Kì í lo bátìrì. Sípíríǹgì ló ń gbé e, bí a bá sì yí kókó abẹ́ rẹ̀ dáadáa, ó lè lọ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi sọ ọ́ di iṣẹ́ Jímọ̀.

Lọ́jọ́ náà, aago ti dákẹ́, kókó náà kò sì yí mọ́.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bàbá mi àti àbúrò rẹ̀ fẹ́ tà á fún àwọn tó ń ra irin, kí wọ́n fi kọ́ yàrá kan sí ìsàlẹ̀ fún Bàbá, nítorí pé àkàsọ̀ ilé ti ń le fún un. Èsì Bàbá kò yí padà rí: ọkọ̀ tí aago rẹ̀ ń lọ kò tíì kú.

"Ó ti wá dákẹ́ ńkọ́, Bàbá?" ni àbúrò bàbá mi wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ pe ẹni tó lè tún un ṣe. Bí kò bá lọ, ẹ tà á. Bí ó bá lọ, n kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí mọ́."

Ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe ní Òmù-Àrán gun ọ̀kadà wá. Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ṣé o ti tún aago tó dàgbà jù ọ́ lọ ṣe rí?"

"Gbogbo èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ mi ló dàgbà jù mí lọ, Bàbá. Àwọn kékeré ti ń kú sọ́nà."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà tú aago náà sórí aṣọ funfun. Òróró inú rẹ̀ ti gan pọ̀ mọ́ eruku ọyẹ́. Ó fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, ó kán òróró tuntun sí i, ó yí kókó. Gbogbo wa gbọ́ ọ: kẹ́, kẹ́, kẹ́.

Bàbá fi etí sí i. "Kò lọ."

"Ó ń lọ, Bàbá," ni bàbá mi wí.

"Ẹ má tàn mí."

Ọkùnrin náà rọra mú ìka Bàbá, ó gbé e lé ẹ̀yìn aago. Bàbá pẹ́ kí ó tó gbé ìka kúrò.

"Ó ń lọ lóòótọ́," ni ó wí. "Ẹ dá a padà sí àyè rẹ̀, kí ẹ sì ta ọkọ̀ náà."

"Ẹ ní bí ó bá lọ, a kò ní tà á, Bàbá. Ọkọ̀ yóò dúró." Bàbá mi ló wá ń bẹ̀ ẹ́ báyìí.

"Ta ni yóò dúró fún? Èmi tí n kò gbọ́ ọ mọ́?"

Ní òwúrọ̀ tí àwọn tó ra irin wá gbé ọkọ̀ náà, Bàbá ní kí n lọ bá òun yí aago náà kó kún. Lẹ́yìn náà, ó kọjú sí ògiri.

Lónìí, inú fóònù ni mo ti ń wo aago. Kò ní ohùn tí etí lè pàdánù. Bàbá ti lọ. Àwọn ará ilé máa ń sọ pé ọjọ́ tó kú gan-an ni aago náà dúró. Mo béèrè ẹni tó rí i, kò sí. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé kí wọ́n tó so okùn mọ́ ọkọ̀ náà, mo fi etí ti gíláàsì aago rẹ̀. Ó ń lọ.