Etí Bàbá Clem

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Clem Rudge fi kan èèkàn fún ẹgbẹ́ sákọ́ọ̀sì kan, àwọn eléré tó ń pàgọ́ kiri Queensland ní Australia. Etí ló fi ń ṣiṣẹ́ ju apá lọ. Bó bá fi òòlù lu èèkàn irin tó di wáyà mú, tó dún gooro, ó ti wọlẹ̀ dáadáa. Bó bá dún gbì, ilẹ̀ ń tàn wọ́n jẹ ni. Verna, tó ń rìn lórí wáyà tí wọ́n ta sókè, kì í gòkè láìkọ́kọ́ bi í.

Ṣùgbọ́n etí ọ̀hún ti di láti èṣí, Clem ò sì wí fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ó dáa, ikú ta ni?

Ní ìlú Winton, òjò rọ̀ sórí ilẹ̀ dúdú tí ọ̀dá ti là. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Clem lu èèkàn lẹ́ẹ̀mẹta. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ètè Verna ló ń wò.

"Bàbá, ṣé ó dún?"

"Bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì! Gòkè, jàre."

Verna rẹ́rìn-ín. "Tí mo bá já bọ́, ẹ̀yin lẹ ó gbé mi o."

Àṣà wọn ni pé ẹni tó kan èèkàn kì í wo òkè. Èèkàn ni yóò máa ṣọ́, yóò kẹ̀yìn sí wáyà. Bẹ́ẹ̀ ni Clem dúró nígbà tí Verna gòkè. Ó rí i tí ẹrẹ̀ dúdú ń yọ díẹ̀díẹ̀ nídìí èèkàn. Ó gbójú kúrò lára èèkàn, ó wo iwájú. Gbogbo èrò ìwòran ti dìde, ẹnu wọn là gbàgà. Kò mọ̀ bóyá ìhó ayọ̀ ni, tàbí igbe. Ọrùn rẹ̀ kọ̀, kò yí padà sí wáyà.