Àáró Ọmọ Tí Mùyìbátù Dá Sílẹ̀

Bí Mùyìbátù bá ti ní òun ń bọ̀ lóko rẹ lọ́la, má wulẹ̀ máa yọjú wò ó lọ́nà. Kí oòrùn tó là lo máa bá a nínú oko, tí yóò ti wú ẹ̀pà dé ìdajì aporo, tí yóò sì máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ibùsùn ti gbé ọ mì.

Àwọn obìnrin àdúgbò rẹ̀ ní Ṣakí kò fi í ṣe olórí àáró nítorí pé ó kàwé. Orúkọ ara rẹ̀ nìkan ló lè kọ, ìyẹn náà, bí kò bá sí ẹni tó ń kán an lójú. Wọ́n fi í ṣe olórí nítorí pé kì í gbàgbé iṣẹ́ tó jẹ ẹlòmíì, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé èyí tó jẹ òun.

Àáró yàtọ̀ sí ọ̀wẹ̀. Ọ̀wẹ̀, ńṣe lo máa bẹ àwọn èèyàn, o máa se oúnjẹ, wọ́n á ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n á jẹun, wọ́n á lọ, ìwọ á sì máa dúpẹ́ kiri. Ìwọ lónìí, èmi lọ́la ni àáró. Kò sí ọpẹ́ níbẹ̀, kò sì sí ìtìjú. Ẹni tí wọ́n wá bá ṣiṣẹ́ lónìí, òun náà á gbé agbọ̀n rẹ̀ lọ sóko ẹlòmíì lọ́la.

Mùyìbátù ní ọmọkùnrin kan, Ismaheel, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, tó máa ń kó iṣu láti Kìṣí lọ sí Ìbàdàn. Ismaheel yìí ló gbé Waheedat níyàwó wálé láti Ìsẹ́yìn. Aránṣọ ni ọmọbìnrin náà, ẹlẹ́rìn-ín, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi bí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Nígbà tó lóyún, tí oyún náà ti tó ó bí, ó tẹ̀lé ìyá ọkọ rẹ̀ lọ sí abúlé lásìkò ẹ̀pà. Wọ́n ní kó jókòó sílé, ó ní ara òun le. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìrọbí mú un. Wọ́n gbé e sórí ọ̀kadà, Mùyìbátù jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó dì í mú. Wọn ò dé Ṣakí. Abẹ́ igi òrí kan lẹ́bàá ọ̀nà ló bí sí, obìnrin Fúlàní kan tó ń gbé wàrà lọ sọ́jà ló bọ́ ìborùn rẹ̀ tí wọ́n fi gba ọmọ náà. Ẹ̀jẹ̀ dà. Ó dà tó bẹ́ẹ̀ tí ọlọ́kadà fi kọ̀yìn sí wọn, tó ń ka àdúrà tó bá ti bọ́ sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n wọ́n dé ọsibítù, ìyá yè, ọmọ yè. Alhamdulilahi.

Ọmọ tí a bí sójú ọ̀nà, Abíọ́nà ni. Lọ́jọ́ súnà, àáfà pè é ní Ràsáàkì, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó palẹ̀ awo mọ́, kò sẹ́ni tó rántí ìyẹn mọ́. Ìtàn ojú ọ̀nà náà dùn mọ́ gbogbo ilé lẹ́nu. Àlejò kò ní tíì jókòó tán tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀: bí ọlọ́kadà ṣe ń gbọ̀n, bí wàrà ṣe dà nù, bí ọmọ ṣe figbe ta tí àwọn màlúù fi yíjú padà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Mùyìbátù gan-an ló mọ̀ ọ́n sọ jù. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rí i pé bí òun bá ti sọ ọ́ dé ibi ẹ̀jẹ̀, ńṣe ni Waheedat máa ń kọjú sí ògiri.

Ẹlẹ́rìn-ín dákẹ́. Kò sùn lóru, kò sùn lọ́sàn-án. Bí ọmọ bá sùn, á jókòó tì í, á máa wo àyà rẹ̀ bóyá ó ṣì ń mí. Oúnjẹ á dé iwájú rẹ̀, á tutù síbẹ̀. Bó bá ń fọ́mọ lọ́mú, omijé á kàn máa dà.

Ìyá Ìmọ́lẹ̀, ìyálé ilé náà, dúró lé e lórí lọ́jọ́ kan. "Ìyàwó, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Màmá."

"Kí wá ni ti ẹkún? Má da omijé sí ọmọ lórí o! Èmi tí mo bí Ìmọ́lẹ̀, kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ ni mo ti wà nídìí ẹ̀pà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ̀rọ ló ń bá yín ránṣọ, ẹ tún fẹ́ kí ẹ̀rọ máa bá yín tọ́mọ."

"Ẹ má bínú, Màmá." Waheedat fi etí ìró nu ojú rẹ̀.

Bí Mùyìbátù bá ní kó gbé ọmọ wá kó lè rẹjú, kì í gbà. "Wọ́n á ní mo kọ ọmọ mi, Màmá. Wọ́n á ní aláàánú ló ń bá mi tọ́ ọ." Á wá gbá ọmọ náà mọ́ra, bí ẹni pé olè ń bọ̀.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kan, Mùyìbátù wẹ ọmọ tán, ó ń fi òrí pa á lára. Waheedat jókòó sórí àpótí, ó ń wò wọ́n. Ó wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti tán nílé: "Màmá, ẹ̀yin ni ẹ bá máa tọ́ ọ. Bí mo bá lọ, ara á tu òun náà."

"Lọ síbo?"

Waheedat bẹ̀rẹ̀ sí ká aṣọ ọmọ náà.

Ọwọ́ Mùyìbátù dúró lára ọmọ. Ó ti sin òkú rí, ó sì mọ ohùn ẹni tó ti ń di ẹrù rẹ̀. Kò pariwo, kò pe ẹnikẹ́ni jọ. Ó wọ aṣọ fún ọmọ, ó pọ̀n ọ́n, ó di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó di ilé ìwòsàn.

Ìyá Ìmọ́lẹ̀ ké tẹ̀lé wọn: "Ta lára rẹ̀ ò yá?"

"Ẹni tó bá dá wa dúró ni!"

Nọ́ọ̀sì Mọ́ládé, tó ń tọ́jú àwọn abiyamọ níbẹ̀, gba ọmọ, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ara rẹ̀ le. Lẹ́yìn náà ó fa àga sún mọ́ Waheedat. "Ìwọ ńkọ́, Ìyá Abíọ́nà? Báwo ni inú ẹ ṣe rí?"

Waheedat la ẹnu, ẹkún ló jáde. Nọ́ọ̀sì kò ní kó dákẹ́. Nígbà tó sunkún tó, nọ́ọ̀sì bi í tààrà, bí ẹni ń béèrè ibi tó ń dunni lẹ́sẹ̀, bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀ lára tàbí láti pa ọmọ lára. Waheedat ní òun ò lè pa ọmọ òun lára, òun kàn ń fẹ́ kí òun má sí mọ́ ni. Ẹnu ọ̀nà ni Mùyìbátù wà, ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Ẹ wọlé, Màmá, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ," ni nọ́ọ̀sì wí. "Àìsàn ni. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe ìwà, kì í ṣe ọwọ́ aráyé. Ó ń mú ọ̀pọ̀ ìyá lẹ́yìn ìbímọ, pàápàá ẹni tí ìbímọ bá dẹ́rù bà. Ó sì ní ìtọ́jú. Dókítà máa rí i kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ ó sì máa mú un padà wá ká jọ máa sọ̀rọ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan o, kódà fún ìṣẹ́jú kan. Kó máa jẹun. Kó sì sùn, Màmá. Kó sùn!"

Dókítà rí i, ó fún un ní oògùn tí kò ní ṣe ọmú níbi. Wọ́n ń bọ̀ wálé, Mùyìbátù ń rò ó. Oògùn wà nínú àpò, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá wọn ra oorun? Òun nìkan kò lè máa ṣọ́ ìyá, kó máa ṣọ́ ọmọ, kó sì lọ sóko. Ẹni tí oorun sì tọ́ sí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàánú òun.

Ibẹ̀ ló ti rántí ìgbà tí Alíù, ọkọ rẹ̀, kú. Àwọn èèyàn wá títí wọ́n fi ṣe fídáù, wọ́n ní pẹ̀lẹ́, wọ́n ní Ọlọ́run á tù ú nínú, wọ́n sì lọ. Pẹ̀lẹ́ wọn rọ̀jò lé e lórí títí kò fi lè gbórí sókè mọ́. Ó sùn, ó kọjú sí ògiri, ẹ̀pà rẹ̀ gbó sínú oko, kò bìkítà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú àáró ló wá dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agbọ̀n. Wọ́n ní: "Mùyìbátù, oko rẹ ló kàn. Dìde, wá fi ààlà hàn wá." Kò sẹ́ni tó ní pẹ̀lẹ́ nínú wọn. Ó sì dìde, nítorí pé ènìyàn lè kọ àánú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń kọ àáró.

Nígbà tí wọ́n délé, ó ránṣẹ́ sí àwọn ará àáró. Wọ́n pé sábẹ́ igi ọ̀dán, wọ́n ń pa ẹ̀pà bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ.

"Iṣẹ́ kan wà nílẹ̀," ni Mùyìbátù wí, "kì í ṣe ti oko. Ọmọ gbígbé ni."

Ìyá Ìmọ́lẹ̀ ju èèpo ẹ̀pà sílẹ̀. "A kì í fi ọmọ tuntun ṣe àáró! Ọmọ jòjòló, kí wọ́n máa gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́ bí awo ẹ̀kọ? Ta ló mọ ọwọ́ burúkú?"

"Ọwọ́ tó ń wú ẹ̀pà mi láti ọjọ́ yìí wá, mo mọ̀ ọ́n, Ìyá Ìmọ́lẹ̀. Ká ní ó burú ni, ẹ̀pà mi ì bá ti rà mọ́lẹ̀."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Misturat, tí oyún tirẹ̀ ti yọ síta, fọwọ́ ti ilẹ̀ dìde. "Ẹ jẹ́ kí n lọ bá a."

Ó bá Waheedat lórí ẹní, tó gbá ọmọ mọ́ra. "Ìyá Abíọ́nà, mi ò wá ṣàánú ẹ o. Wo ikùn mi. Bí ọyẹ́ bá dé, èmi náà á bí, èmi yìí sì fẹ́ràn oorun ju ẹran lọ. Mo fẹ́ tètè wá ṣe tèmi lọ́dọ̀ ẹ. Bí mo bá wá bí tán, tí mi ò rí ẹ, màá fẹjọ́ ẹ sun gbogbo àáró."

Waheedat wò ó. "Ṣé màá san án padà?"

"Dandan ni! A kì í ṣe sàráà níbí."

Waheedat wo ọmọ, ó wo Misturat. Ó wá na ọmọ náà sí i. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ojú rẹ̀ sì pa dé kí Misturat tó yíjú. Ó sùn títí wọ́n fi kírun àlásàrì. Mùyìbátù jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń lé àwọn ewúrẹ́ kí wọ́n má baà ké.

Bí àáró ọmọ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èyí á wá lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ìyẹn á wá lọ́sàn-án, ọ̀kan á sùn tì í lálẹ́. Kò tètè dùn o. Ọjọ́ mìíràn wà tí Waheedat á jí, tí á tún dà bí ẹni tí kò jí. Wọ́n á ní kò burú, wọ́n á tẹ̀lé e lọ bá nọ́ọ̀sì. Mùyìbátù pa ìtàn ojú ọ̀nà tì pátápátá. Àlejò tó bá béèrè, á ní kó lọ bi ọlọ́kadà.

Ismaheel ti Ìbàdàn dé, ìyá rẹ̀ ní òun náà ní ìgbà tirẹ̀.

"Èmi, Màmá? Nínú àáró obìnrin?"

"Ṣé obìnrin nìkan ló bí i ni? Bẹ̀rẹ̀ kí n pọ̀n ọ́n fún ẹ."

Bó ṣe pọnmọ jáde síta nìyẹn. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i, wọ́n pariwo: "Ismaheel! Ẹ kú ewu ọmọ o! Ṣé ọmú ń jáde?"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," ni Ismaheel wí, ó ń rọra jó kí ọmọ má baà jí. "Ìyàwó mi ń sùn. Tiyín ńkọ́?" Àwọn kan nínú wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ní ọ̀sán kan, wọ́n gbé ọbẹ̀ fún Waheedat, ó tọ́ ọ wò, ó rojú kókó. "Ta ló se èyí? Ṣé gbogbo iyọ̀ ọjà ló dà sí i ni?"

Ìyá Ìmọ́lẹ̀ ló yọjú láti ibi ààrò, ọwọ́ rẹ̀ mú ìpọnbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó wá, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tó ti wọ inú àáró ọmọ. "Èmi ni mo sè é! Kí ló ṣe é?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ wá tọ́ ọ wò fúnra yín."

Ìyá Ìmọ́lẹ̀ tọ́ ọ wò. Ojú rẹ̀ yí. Waheedat bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí wọn ò gbọ́ láti ọjọ́ tó ti bímọ. Mùyìbátù ju agbọ̀n sílẹ̀. "Ó ti ń bú ọbẹ̀ wa! Alhamdulilahi, ó ti ń bú ọbẹ̀ wa!" Àwọn obìnrin gbà á lórin, wọ́n ń jó yí ìkòkò ọbẹ̀ oníyọ̀ náà ká, Ìyá Ìmọ́lẹ̀ sì ń bú wọn tòun ti ijó.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí gbogbo ètè ń sán, Misturat bí obìnrin ní ọsibítù, ní ìrọ̀rùn. Wọ́n gbé e dé ilé rẹ̀ láàárọ̀. Mùyìbátù múra láti pín iṣẹ́, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó forí lé ibẹ̀. Kó tó dé, Waheedat ti wà níbẹ̀. Abíọ́nà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti sanra bí elégédé, ọmọ tuntun wà ní àyà rẹ̀, Misturat sì ń han oorun nínú yàrá.

"Méjì lẹ́ẹ̀kan náà?" Mùyìbátù na ọwọ́. "Gbé ọ̀kan wá."

Waheedat yí ọmọ kúrò níwájú rẹ̀. "Rárá o, Màmá. Ọ̀la ló kàn yín. Èmi ló ni òní. Ẹ sì rọra sọ̀rọ̀, abiyamọ ń sùn."

Mùyìbátù, olórí àáró, tí ẹnikẹ́ni kò lé kúrò nídìí iṣẹ́ rí, pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó yípadà sílé nínú ọyẹ́ náà, ó ń yan bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ oyè.